Èyí Tó Yá Wà Nínú Yàrá

"Ẹ tún un tẹ̀, Màmá," Hakeem wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Màmá Ìrémọ tún gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ojú dígí kékeré náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Iná pupa kan tàn lábẹ́ dígí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn láti wò ó. Iná pupa náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó sì kú. Fáànù òkè náà rọra dúró, gbogbo gbọ̀ngàn sì mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń pariwo bí wọ́n bá mú iná lọ. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, awakọ̀, wọ́n sì ti dúró de ohun púpọ̀ láyé wọn. Ìjọba ló ní kí wọ́n wá fi ara wọn hàn, kí wọ́n tẹ̀ka, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá tẹ̀ka kí ètò náà tó parí, òkú ni wọn yóò kà á sí, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò sì dúró. Ìjọba kò sì ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe kan, agbaṣẹ́ṣe náà háyà gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, ó kó àwọn ògbólógbòó kọ̀ǹpútà sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ mú ọwọ́ yín kúrò, Màmá. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀."

"Ṣé n óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Fikáyọ̀ dúró lẹ́yìn àga Màmá, ó di báàgì rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Màmá Ìrémọ, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú agbo ilé wọn ní Ìrémọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Àjíṣafẹ́, ọkọ rẹ̀, ti kú tipẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì yìí ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń ra oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà ọkùnrin ló wọ̀ sí i, nítorí kò sí bàtà obìnrin tó gbà á mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ bú lẹ́yìnkùlé. Kọ̀ǹpútà Hakeem tàn, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń ka ìwé tí kò yé e. Hakeem ká ọwọ́ gbera. Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ibùdó náà, ó sì ti mọ̀ pé kò sí ohun tóun lè ṣe títí lẹ́tà wọ̀nyẹn yóò fi parí. Fikáyọ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà náà lórí èjìká rẹ̀. Ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gòkè náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Fikáyọ̀ ń ṣe jẹun, láti inú yàrá kan tó háyà ní Mayfair, fún àwọn oníbàárà tí kò rí sójú rí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ń mówó wọlé, ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó dà bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí èèyàn bá ki ẹ̀rọ kan bọ kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò mọ ohun tó jẹ́, tí yóò fún un lórúkọ, kí àwọn yòókù tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè lo ètò náà láìsan nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Fikáyọ̀ wà lára àwọn tó ń tún un ṣe, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó fọ́n káàkiri ayé. Ètò náà gan-an ló wà lójú kọ̀ǹpútà Hakeem yìí, ó sì ti há síbi tí Fikáyọ̀ ti mọ̀ pé yóò há sí.

Ibẹ̀ ni olùṣọ́ náà ti ń lo àkójọ àṣẹ kan, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní ṣẹ́ẹ̀lì, tí ẹnìkan ti kọ láti ọdún gbọọrọ. Ṣẹ́ẹ̀lì náà kì í dá ohunkóhun ṣe. Bó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan, yóò ránṣẹ́ pe ètò kékeré kan. Bó bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà, yóò pe òmíràn. Bó bá fẹ́ wá nǹkan nínú rẹ̀, yóò tún pe ẹlòmíràn, olúkúlùkù wọn yóò sì dìde lórí ẹní, yóò ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀, yóò padà lọ sùn. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kò sẹ́ni tó ń kíyè sí i. Lórí àwọn tí agbaṣẹ́ṣe yìí kó wá, èèyàn lè lọ jẹun kó padà dé. Ìka àwọn àgbà tún dá kún un. Ṣọ́ọ̀kì àti iṣẹ́ ilé ti jẹ ìlà ọwọ́ Màmá tán, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kò bá sì ti rí i kà, yóò pa ara rẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ tàn, olùṣọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ta ni ọ́.

"Ṣé bó ṣe máa ń pẹ́ tó nìyí?" Fikáyọ̀ bi í.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Àǹtí. Iná lọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò dá ìka mọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn system yìí ti gbó." Hakeem rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kánjú, ẹ lè rí ọ̀gá."

Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí à ń pè ní ká rí ọ̀gá. Yàrá Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì nìyẹn, alábòójútó ibùdó náà. Ó ní kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ògbólógbòó, ó ní bátìrì tí kì í jẹ́ kí iná lọ, àwọn tó bá sì ti bá a sọ̀rọ̀ dáadáa máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, wọn a sì gba ẹ̀yìn jáde. Kò fi í pamọ́. Kódà, àwọn àgbà mìíràn máa ń yìn ín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fipá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Màmá ti gbọ́. "Mi ò ní ọ̀gá kankan tí mo fẹ́ rí," ó wí. "Ẹ̀rọ yìí ni mo wá rí, òun náà ni n óò rí."

Kò rí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ti gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí àwọn tó kù padà wá. Níta, Sùmáyà, obìnrin tó ń háyà àga fún àwọn tó ń dúró, ti ń to àga rẹ̀ léra wọn. "Màmá, n óò fi èyí tó ní apá pamọ́ fún yín," ó wí. "Ẹ ṣáà máa padà wá." Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fikáyọ̀ sin Màmá délé, ó padà sí Mayfair, ó sì jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ètò náà ló mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀lì yẹn ti gbó, òun náà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ó yẹ kí ẹnìkan fi èdè C tún un kọ, èdè tó jẹ́ pé ohun tí a bá fi kọ máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìpe aládùúgbò kankan. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ ń jókòó nínú gbọ̀ngàn dè é.

Kì í ṣe iṣẹ́ iyì. Èèyàn yóò ka ìlà kan nínú ti àtijọ́, yóò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹni tó kọ ọ́ fi kọ ọ́ báyìí, yóò rí i pé ìdí wà tàbí pé kò sí, yóò sì tún un kọ, yóò dán an wò, yóò kùnà, yóò tún un kọ. Ó bá ìlà kan pàdé tó jẹ́ nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí wọn ò ṣe mọ́ láyé. Kò yọ ọ́. Ó rò pé ilé kan lè wà níbìkan tí wọ́n ṣì ń lò ó, ó sì gbé ìlà náà wọ inú tuntun bó ṣe rí. Ọrùn ń dùn ún, ojú ń ta á, ó sì ń ti iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ sẹ́yìn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nígbà tó parí, ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tó gbó jù nínú ilé, èyí tó ti fẹ́ gbé fún ẹni tó ń ra pàǹtírí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó yá lọ́wọ́ Hakeem kò tíì wọlé tán tí olùṣọ́ fi ti pè é lórúkọ. Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín lóun nìkan nínú yàrá.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Páfẹ̀lì, ní ilẹ̀ òkèèrè, ló ń pinnu ohun tó máa wọ inú ètò náà. Gbangba ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀, lójú òpó kan tí gbogbo èèyàn lè kà. Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn ló bi Fikáyọ̀: ta ló nílò àtúnṣe yìí? Fikáyọ̀ kọ̀wé sí i nípa gbọ̀ngàn, nípa iná tó ń lọ, nípa ìka tí ìlà ti tán lójú rẹ̀. Èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì.

"Mo ti ka iṣẹ́ rẹ. Ó mọ́, ó sì yá. Mo gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má pa ti àtijọ́ rẹ́. Ṣe é kí ẹni tó bá fẹ́ lè yí padà sí i, bóyá tuntun ò bá ẹ̀rọ ẹlòmíràn mu. Àwa kì í lé ẹni tó ń lo nǹkan wa síta."

Fikáyọ̀ kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn, ó sì bá bí wọ́n ṣe tọ́ ọ mu, pé kéèyàn má fọwọ́ ara rẹ̀ ju ohun tí ẹlòmíràn ṣe dànù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀: ìlà kan ṣoṣo, èèyàn lè kọ "tuntun" sí i, ó sì lè kọ "àtijọ́". Lábẹ́ rẹ̀, ó fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń yí i, kó má baà ṣòro fún Hakeem.

Hakeem gbé tuntun náà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ibùdó, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti kí Fikáyọ̀ nígbà tó pè é lórí fóònù. "Àǹtí, ó ń sáré o. Àwọn bàbá ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ń dìde. Sùmáyà ti kó àga rẹ̀ lọ, ó ní a fẹ́ pa òun."

"Bí ohunkóhun bá dà ọ́ láàmú, máa kọ ọ́ sójú òpó wọn," Fikáyọ̀ sọ fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Sọ ibi tí o wà, sọ ohun tí ẹ ń lò, bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn kì í fojú di ẹnikẹ́ni."

Nírọ̀lẹ́, ó lọ sí Ìrémọ. Màmá ti gbọ́, ó sì ti gbé aṣọ tó fẹ́ wọ̀ sórí ìbùsùn. "Lọ́la ni n óò lọ," ó wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ń dán bí èso ìgbá tí wọ́n fi òróró pa.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sinmi ná. Kò sí ìkánjú mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa parí ni a óò lọ, èrò ò ní pọ̀ níbẹ̀. Ẹ óò kàn tẹ̀ ẹ́ ni, a óò máa bọ̀ nílé."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Èmi ni mo ṣe é, Màmá."

Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká aṣọ náà padà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa parí pé, ohun tí Fikáyọ̀ kọ́kọ́ rí ni àga Sùmáyà. Wọ́n kún iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n tún yí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, èèyàn sì wà lórí gbogbo wọn. Ó fi Màmá jókòó sórí èyí tó ní apá, ó wọlé. Lójú kọ̀ǹpútà Hakeem, lẹ́tà funfun ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lórí dúdú. Bàbá arúgbó kan gbé àtàǹpàkò sókè níwájú rẹ̀, ó ń dúró.

"Hakeem, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Hakeem kò gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ lọ bá ọ̀gá."

Ògúndèjì dìde fún un nígbà tó wọlé, ó fà á ní àga. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ohùn rẹ̀ kì í ga.

"Àǹtí Fikáyọ̀, ẹ káàbọ̀. Hakeem ti sọ nípa yín fún mi. Ẹ ṣeun. Irú yín là ń wá ní ìlú yìí."

"Kí ló dé tí ẹ dá ti àtijọ́ padà?"

"Ti gbọ̀ngàn nìkan ni. A ò ju iṣẹ́ yín nù o." Ó fọwọ́ tẹ orí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Èyí tó yá wà nínú yàrá níbí."

Fikáyọ̀ wo kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," Ògúndèjì wí. "Agbaṣẹ́ṣe tó gbé wa síbí kò tíì sanwó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Hakeem ò gbowó, èmi ò gbowó. Epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, èmi ni mò ń rà á. Nígbà tí ti yín dé, gbogbo èèyàn ń tẹ̀ka, wọ́n ń lọ. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn yìí mọ́. Ó yá jù, Àǹtí."

Bí ẹni tó ń ṣàlàyé ibi tí òrùlé ti ń jò ló ṣe sọ ọ́. Kò bínú, ojú kò sì tì í.

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú fi àyè rẹ̀ sílẹ̀," ó tún wí. "Ìlà kan péré ni Hakeem yí. Mo ní, ẹni tó ṣe èyí mọ bí ilé ayé ṣe rí."

Fikáyọ̀ fẹ́ sọ pé kì í ṣe nítorí èyí lòun ṣe fi í sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ láti sọ ọ́.

"Ẹ mú Màmá yín wá," Ògúndèjì wí. "N ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ti ẹ̀yin yàtọ̀."

Ó yẹ kí Fikáyọ̀ kọ̀. Kò kọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í bó ṣe ń dúpẹ́, ara sì tún tù ú, ó sì jáde lọ pe Màmá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí má baà gbọ́.

"Èyí tó wà nínú yàrá yẹn, ìwọ lo ṣe é?" Màmá bi í.

"Èmi ni, Màmá."

"O ṣe é fún yàrá ni, àbí fún gbọ̀ngàn?"

"Fún gbọ̀ngàn ni. Ṣùgbọ́n Màmá, òní ló parí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ro ti oògùn yín."

Màmá wo ọkùnrin tó jókòó tì í, Bàbá Ọláwọlé, tó ti jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà kan. Ó ti sùn lọ, káàdì rẹ̀ wà láyà rẹ̀.

"Bàbá yìí ti wà níbí kí n tó dé," ó wí. "Wọ́n fún mi nínú àkàrà wọn bí mo ṣe jókòó. Tí mo bá dìde báyìí, tí mo gba ẹ̀yìn wọlé, níbo ni n óò gbójú sí tí mo bá jáde?"

"Wọn ò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Fikáyọ̀. Má jẹ́ ká jọ máa fa èyí."

Wọ́n dúró. Oòrùn yí kúrò lápá kan gbọ̀ngàn lọ sí apá kejì, Sùmáyà sì ń gbé àga tẹ̀lé òjìji. Nígbà tó kan Màmá, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé dígí. Iná pupa tàn, ó ṣẹ́jú, kò kà á. Olùṣọ́ tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà funfun tún ń gòkè, Fikáyọ̀ sì ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ bí yóò ti pẹ́ tó. Màmá tún tẹ̀ ẹ́. Kò kà á. Iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́tà ṣì ń gòkè nígbà tí Ògúndèjì jáde láti inú yàrá, tó wo aago, tó sì ní ibi tí ìjọba ní kí wọ́n dé náà nìyẹn, kí gbogbo àgbà má bínú. Hakeem pa kọ̀ǹpútà náà. Màmá nìkan kọ́ ló kù. Bàbá Ọláwọlé wà lára àwọn tó kù, ẹ̀rọ kò ka ìka tirẹ̀ náà.

Owó Màmá dúró. Fikáyọ̀ lọ sí Òṣogbo, wọ́n ní kó lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ọ́fíìsì mìíràn ní kó dúró de ètò àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Ó ní òun ni yóò máa ra oògùn. Màmá gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá bi í, Màmá yóò ní ó ṣì kù. Ó mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan ti fi Fikáyọ̀ sílẹ̀ lásìkò tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn, kò sì fẹ́ di ẹrù lé e lórí. Ó ń fi ọ̀bẹ gé oògùn sí méjì, ó ń lo ìdajì. Ìgbà tí Fikáyọ̀ fi máa mọ̀, egbò kékeré kan tí sálúbàtà dá sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jinlẹ̀, ó sì ti dúdú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni Fikáyọ̀ jókòó sí nígbà tí Páfẹ̀lì kọ̀wé sójú òpó wọn. Ó ní ó ti pẹ́ tó báyìí tí iṣẹ́ tuntun ti ń ṣe dáadáa níbi gbogbo. Ǹjẹ́ ẹnìkan ṣì wà tó ń lo ṣẹ́ẹ̀lì àtijọ́? Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀, òun yóò pa á rẹ́.

Ó pẹ́ tí ọkàn Fikáyọ̀ ti fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ti ń kéde ètò àyẹ̀wò tó ń bọ̀ lórí rédíò, agbaṣẹ́ṣe kan náà, gbọ̀ngàn kan náà. Ibùdó náà kò lè ṣe é láìsọ àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di ọ̀tun, bí wọ́n bá sì sọ wọ́n di ọ̀tun lẹ́yìn tí Páfẹ̀lì ti pa ti àtijọ́ rẹ́, èyí tó yá nìkan ni yóò wà nínú gbọ̀ngàn àti nínú yàrá. Kò ní sí ìlà tí ẹnikẹ́ni lè yí. Ó yára kọ ọ́ pé: "Èmi ni mo kọ tuntun. Ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́." Ó gbé fóònù lé itan, ó ń dúró.

Èsì àkọ́kọ́ tó wọlé kò wá láti ọ̀dọ̀ Páfẹ̀lì. Hakeem ló kọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí Fikáyọ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibùdó àyẹ̀wò kan ní Ilé-Ifẹ̀, Nàìjíríà, ni mo ti ń kọ̀wé. Méjèèjì la ń lò, tuntun lórí kọ̀ǹpútà kan, àtijọ́ lórí àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ló ń gba ọ̀dọ̀ ti àtijọ́ kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, iṣẹ́ wa yóò dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa."

Fikáyọ̀ kà á, ó tún un kà. Ó ń wá irọ́ nínú rẹ̀, kò rí ìkankan.

Páfẹ̀lì dáhùn kí Fikáyọ̀ tó ronú ohun tí yóò sọ. "O ṣeun, Hakeem, tí o sọ fún wa. Fikáyọ̀, mo mọ̀ pé tìrẹ dára jù, ṣùgbọ́n o mọ ìlànà wa. Ìwọ náà lo kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn àgbà ìlú yín ń lo ètò yìí, a ò sì gbọ́dọ̀ já wọn kulẹ̀. A óò fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ìdí rẹ̀ sí òkè rẹ̀, pé nítorí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ni, mo sì fi orúkọ rẹ sí i pẹ̀lú ọpẹ́. Dá mi lóhùn bí o bá fara mọ́ ọn."

Nọ́ọ̀sì kan kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oògùn. Màmá la ojú. Aṣọ ìbora tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà, kò sì tíì mọ́ òun náà lára láti má wo ibẹ̀.

"Ta ló ń kọ̀wé sí ọ láti àárọ̀?" ó bi í.

"Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, Màmá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ń dúpẹ́."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Màmá tún pa ojú dé. Fikáyọ̀ rò pé ó ti sùn, ṣùgbọ́n kò sùn. "Wá dá wọn lóhùn nígbà náà," ó wí. "Má jẹ́ kí wọ́n máa dúró."